Káyáàkì lórí ọ̀sà Èkó: ọmọ tó mọ omi ni kẹ́ ẹ sanwó fún

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ibi tí mo ń lọ torí àwọn tó ń kánjú: ìrìn káyáàkì, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà lórí ọ̀sà yẹn, ó dáa, mo máa tún lọ, ẹ̀yin náà ẹ lọ. Àmọ́ ẹ má torí fọ́tò lọ, ẹ má sì gba gbogbo ohun tí àwọn tó ń gbé èèyàn lọ kọ sí fáláyà wọn gbọ́ tán, torí "eco-friendly", ìyẹn pé àwọn ò ba àyíká jẹ́, tí wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ síbẹ̀ yẹn, ìdajì ẹ̀ lòótọ́, ìdajì yòókù ẹnu lásán ni. Mi ò ní dárúkọ wọn. Kì í ṣe pé mo ń bẹ̀rù ẹnikẹ́ni o, mo kàn mọ̀ pé tí mo bá dárúkọ báyìí, àwọn kan á ní wọ́n ti fún mi lówó kí n wá polówó, àwọn kan á tún ní ọ̀tá wọn ló rán mi, torí mo ní ẹjọ́ tí mo máa bá wọn rò níwájú. Etí omi Lekki Phase 1 ni wọ́n wà, níbi téèyàn ti ń wo bíríìjì Lekki sí Ìkòyí lọ́ọ̀ọ́kán. Àwọn bíi tiwọn sì ti ń pọ̀ sí i létí omi ọ̀hún, nǹkan tí mo fẹ́ sọ yìí á kan èyí tó pọ̀ nínú wọn.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Ẹ máa bá wọn sọ̀rọ̀ lórí Wáásàpù, wọ́n á fi iye owó àti àsìkò ránṣẹ́ sí yín, ẹ ṣe transfer, wọ́n á ní kẹ́ ẹ débẹ̀ ní aago mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀. ₦25,000 ni ti ẹnì kan fún bíi wákàtí méjì, láífù jákẹ́ẹ̀tì, àjẹ̀, omi mímu àti ẹni tó máa mú yín lọ wà nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ méjì tẹ́ ẹ fẹ́ jókòó sínú ọkọ̀ kan, wọ́n á yọ díẹ̀ kúrò. Ṣé ó wọ́n? Ó wọ́n jàre. Àmọ́ tá a bá rántí iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ èèyàn ní àwọn bíìṣì kan ní Èkó yìí kó tó kan jókòó sábẹ́ agboòrùn, tí wọn ò tíì fún un ní nǹkan kan jẹ o, àá rí i pé àwọn tibí ṣì ní ojú àánú.

Ọkọ̀ náà, rọ́bà líle ni, orí ẹ̀ lẹ máa jókòó sí kì í ṣe inú ẹ̀, ó ní ihò lábẹ́ tí omi ń gbà jáde, ibẹ̀ náà ni omi sì ń gbà wọlé, nítorí náà ìdí yín máa tutù, kò sí àlàyé kankan nípa ìyẹn. Àjẹ̀ wọn lójú méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún ọ̀kan lósì. Wọ́n máa kọ́kọ́ kọ́ yín lórí ilẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbẹ̀, pàápàá ibi tí wọ́n ti ń sọ pé kẹ́ ẹ má fi apá nìkan wà á, kẹ́ ẹ máa fi ìbàdí yí i, torí ẹni tó bá fi agídí fi apá wà á, èjìká ẹ̀ máa bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kejì. Àbúrò mi obìnrin tá a jọ lọ kò rí ṣíbí gbé nínú ọbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mo rẹ́rìn-ín títí.

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń gbé Èkó, orí Third Mainland la ti mọ ọ̀sà yìí, láti ojú fèrèsé dánfó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Bíríìjì yẹn gùn tó kìlómítà 11.8, 1990 ni wọ́n parí ẹ̀, láti ìgbà náà la ti ń gba orí omi kọjá láràárọ̀ tá ò bèèrè ohun tó wà nínú ẹ̀. Ọ̀sà ọ̀hún gùn ju kìlómítà 50 lọ, ibi tó fẹ̀ jù nínú ẹ̀ tó kìlómítà 13, àmọ́ kò jìn rárá, yàtọ̀ sí ojú ọ̀nà tí wọ́n gbẹ́ fún ọkọ̀ ńlá, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ni ò tó mítà méjì. Odò Ògùn ń da omi sínú ẹ̀, omi Ọ̀ṣun ń gba apá Ẹ̀pẹ́ wá, gbogbo ẹ̀ wá ń gba ẹnu kan ṣoṣo jáde sínú òkun, ìyẹn ẹnu tí ọkọ̀ ńlá ń gbà lọ sí Àpápá. Ẹnu yẹn náà ni omi òkun ń gbà wọlé. Ibi tí iyọ̀ àti omi odò ti ń pàdé yìí ló jẹ́ kí ẹja, edé àti akàn fi ibẹ̀ ṣelé látayébáyé, ìdí nìyẹn tí àwọn apẹja fi tẹ̀ dó yí i ká kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Lekki Phase 1. Ibi tí wọ́n ń gbé èèyàn lọ yìí, Five Cowries Creek, apá kan nínú omi náà ni, òun ló ya Ìkòyí sọ́tọ̀ kúrò lára Victoria Island àti Lekki.

Ohun tí káyáàkì fi ju flying boat, ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnì tó ń sáré yẹn, lọ kò ju pé kò lẹ́ńjìnì lọ. Kò pariwo, kò rú èéfín, epo kankan ò kán sómi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wọ ọkọ̀ láti Ìkòròdú wá sí CMS rí, ẹ mọ̀ pé ẹyẹ tẹ́ ẹ bá rí lójú omi, ìdí ẹ̀ lẹ máa rí, ó ti ń fò lọ. Pẹ̀lú káyáàkì, ẹ̀yin lẹ máa lọ bá a níbi tó wà. Ó tún lè wọ ibi tí omi ò ti tó orúnkún, níbi tí ẹ́ńjìnì á ti há sínú ẹrẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni gbogbo nǹkan ẹlẹ́mìí tó yẹ ní wíwò wà.

A ti wà á kọjá lábẹ́ bíríìjì nígbà tí ọmọkùnrin tó ń mú wa lọ gbé àjẹ̀ ẹ̀ lé itan, ó ní, "Àǹtí, ẹ má wà á mọ́, ẹ jẹ́ kí omi gbé wa lọ." A dáwọ́ dúró. Lórí igi kan tí àwọn apẹja rì mọ́lẹ̀, ẹyẹ kan jókòó síbẹ̀, dúdú òun funfun lára, irun orí ẹ̀ nàró, ẹnu ẹ̀ gùn kọjá ohun tó yẹ irú orí yẹn. Kingfisher ni. Ó gbéra, ó lọ dúró lójú afẹ́fẹ́, ó ń lu ìyẹ́ kíkankíkan ṣùgbọ́n kò kúrò lójú kan, ó dorí kodò ó ń wo omi, ni mo bá rí i tó já ṣòòròṣò wọnú omi, kò pẹ́ rárá ló jáde, ẹja kékeré kan wà lẹ́nu ẹ̀ tó ń dán yinrinyinrin. Ó padà sórí igi ẹ̀. Mo rò pé ó máa gbé e mì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, rárá o, ó fi ẹja náà na igi, ó tún fi nà án, ó tún fi nà án, títí ẹja fi dákẹ́, ó wá yí i, ó gbé e mì látorí. Gbogbo ẹ̀ ṣẹlẹ̀ níbi tí mo ti lè fi àjẹ̀ kàn án tí mo bá na apá. Ẹnikẹ́ni nínú wa ò yọ fóònù, kì í ṣe pé a ò fẹ́, ọwọ́ wa ló tutù.

Ọmọkùnrin yìí ni mo torí ẹ̀ kọ gbogbo èyí. Ọmọ Ìlàjẹ ni, apẹja ni bàbá ẹ̀, bàbá bàbá ẹ̀ náà apẹja, kò sì ju ẹni ọdún mélòó kan lé lógún lọ. Kò há ohunkóhun sórí wá kà fún wa. Mummy kan wà láàárín wa tó ti ń pe Jésù látìgbà tá a ti kúrò létí omi, ó wá sún mọ́ wọn, ó ní, "Mummy, ẹ fọkàn balẹ̀, ibi tẹ́ ẹ wà yìí, tẹ́ ẹ bá sọ̀kalẹ̀ kò ní dé ìgbáyà yín." Mummy ní, "Ṣé o ti wọ̀n ọ́n ni?" Ó ti àjẹ̀ bọ omi níwájú wọn, ó sì tẹlẹ̀ lóòótọ́. Àtìgbà yẹn ni Mummy ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbádùn ara wọn, àwọn náà ló tún wá ń béèrè ọ̀rọ̀ jù. Wọ́n na ọwọ́ sí ẹyẹ funfun kan tó dúró sínú omi, wọ́n ní ẹ wo lékeléke, ọmọ yẹn ní ọ̀tọ̀ ni lékeléke o Mummy, màlúù ni lékeléke máa ń bá rìn, kòkòrò ló ń jẹ, ẹnu ẹ̀ kì í sì í dúdú. Èyí tí ẹ ń wò yìí ẹnu ẹ̀ dúdú, ẹsẹ̀ ẹ̀ dúdú, ẹ jẹ́ kó gbé ẹsẹ̀ sókè ẹ wo ìka ẹsẹ̀ ẹ̀. Ẹyẹ yẹn gbé ẹsẹ̀ lóòótọ́, ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ yẹ́lò fòò. Ó ní ìka yẹn ló fi ń ru ẹrẹ̀ kí ẹja lè ta jáde. Irú ẹ̀ kan tún wà tí ara ẹ̀ rí eérú-eérú tí ọ̀fun ẹ̀ funfun, etí omi iyọ̀ lòun fẹ́ràn jù.

Lórí ọ̀pá míì, ẹyẹ dúdú kan na ìyẹ́ méjèèjì síta kò sì lọ síbì kankan. Àbúrò mi ní ṣé ara ẹ̀ ò yá ni. Ọmọkùnrin wa ní rárá, abẹ́ omi ló ti ń lé ẹja, ìyẹ́ ẹ̀ kì í ta omi dànù bíi ti pẹ́pẹ́yẹ, ó gbọ́dọ̀ sá a kó gbẹ kó tó lè fò dáadáa. Létí ẹrẹ̀, ẹyẹ kékeré kan ń mi ìdí ṣáá, kò sinmi, ó ń ṣa nǹkan jẹ. Ìyẹn ará Yúróòpù ni, ó máa ń dé nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, ó sì máa ń padà kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, lọdọọdún, láìgba físà. Àwòdì ń yí po lókè orí wa ní gbogbo àsìkò yẹn, òun kì í ṣe ẹja nìkan ló ń wá, ó tún ń wo ohun táwọn tó ń sun ẹran létí omi bá jù nù.

Níwájú ibẹ̀ la ti wọ ibi tí ẹ̀gbà ṣì kù sí, àwọn igi mángrófù yẹn. Kò pọ̀ mọ́, ẹ má rò pé igbó ńlá lẹ máa bá, etí omi bíńtín kan ni láàárín ibi tí wọ́n ti fi yanrìn dí àti ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ fi yanrìn dí. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ló dùn jù nínú gbogbo ìrìn náà, kẹ́ ẹ sọ fún wọn kí wọ́n fi yín síbẹ̀ pẹ́. Oríṣi méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan na gbòǹgbò láti ara ẹ̀ wá sílẹ̀, ó gbé ara ẹ̀ sókè kúrò lómi, ìkejì jẹ́ kí gbòǹgbò ẹ̀ yọ lókèlókè látinú ẹrẹ̀, torí inú ẹrẹ̀ yẹn ò ní atẹ́gùn, ibi tó yọ síta yẹn ló fi ń mí. Èso ti àkọ́kọ́ kì í jábọ́ bíi hóró lásán, orí igi ló ti ń hù, ó máa gùn gbọọrọ, tó bá já ó lè gún inú ẹrẹ̀ kó dúró síbẹ̀ kó di igi, tàbí kí omi gbé e lọ síbòmíì. Ọmọkùnrin wa mú ọ̀kan tó ń léfòó, ó fi í lé mi lọ́wọ́, ó wúwo níbi ìdí ju bí mo ṣe rò lọ, ó gbà á padà lọ́wọ́ mi ó sì rì í mọ́ ẹrẹ̀ ó ń bọ́rọ̀ ẹ̀ lọ.

Ara gbòǹgbò yẹn, ìṣáwùrú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣáwùrú, ìkarahun lóríṣiríṣi ló lẹ̀ mọ́ ọn. Lórí ẹrẹ̀, akàn kéékèèké tí wọ́n ní ẹ̀mú kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo ara wọn, akọ ló ní irú ẹ̀mú bẹ́ẹ̀, tabo kéré lọ́tùn-ún lósì. Àwọn akọ yìí dúró lẹ́nu ihò wọn, wọ́n ń ju ẹ̀mú ńlá yẹn sókè, wọ́n ń pe abo, oníkálukú lẹ́nu ihò tiẹ̀, àbúrò mi ní kọ̀ńdọ́ dánfó ni wọ́n, "Òṣòdì wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ!", èyí tó pa gbogbo wa lẹ́rìn-ín débi pé gbogbo akàn yẹn wọ ihò lọ lẹ́ẹ̀kan náà. A dákẹ́. Kò pẹ́ wọ́n tún jáde, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ẹja kan sì tún wà níbẹ̀ tó ń rìn lórí ilẹ̀, ẹja gidi o, ojú ẹ̀ wà lórí àtàrí, ó ń fi lẹbẹ iwájú wọ́ ara ẹ̀ lórí ẹrẹ̀, tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ọn jù ó máa fò lórí omi, ó máa ta lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta kó tó wọlé. Tó bá ṣáà ti rí i pé ara òun tutù, ó lè mí lókè omi.

Abẹ́ gbòǹgbò yẹn ni ọmọ ẹja àti ọmọ edé ń sá pamọ́ sí kí àwọn ńlá má pa wọ́n jẹ, tí wọ́n bá tó tán ni wọ́n ń jáde sójú ọ̀sà. Nítorí náà ọ̀bọ̀kún tẹ́ ẹ ń rà lọ́wọ́ àwọn ìyá ẹlẹ́ja, edé tẹ́ ẹ fi se gbẹ̀gìrì, ẹ mọ ibi tó ti ṣeé ṣe kó ti wá. Lójú ọ̀kánkán wa, bá a ṣe ń wo gbogbo èyí, ẹ̀rọ tó ń fa yanrìn ń ké gbuurugbu, ó ń fa yanrìn nísàlẹ̀ omi láti lọ fi dá ilẹ̀. Mo bi wọ́n léèrè nígbà tá a padà pé kí ni wọ́n fẹ́ máa fi káyáàkì gbé èèyàn lọ wò tí wọ́n bá dí gbogbo ẹ̀ tán, ṣé géètì ẹ́síteètì? Ọ̀gá wọn rẹ́rìn-ín, kò dáhùn.

Ẹ mọ ìgbà tẹ́ ẹ máa lọ o. Ojúoró ló ń lékè omi, ọ̀ṣíbàtà ló ń lékè odò, àmọ́ ní ọ̀sà Èkó, háyásíǹtì ti gba ipò lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, ewé tútù tó ń yọ òdòdó àlùkò yẹn. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé ẹ̀, nǹkan bíi 1984 ló gba apá Pọ́tónófò wọ omi Àgbádárìgì, àtìgbà náà ló ti ń yọ wá lẹ́nu. Lásìkò òjò tí omi odò bá ti pọ̀ nínú ọ̀sà, ó máa bo ojú omi débi pé káyáàkì ò ní lè kọjá láwọn ibì kan, ẹ máa wà á títí apá á bó. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá wá dé, tí omi òkun wọlé dáadáa, iyọ̀ máa pa á. Nítorí náà láti bíi December sí March ló dáa jù, omi mọ́ díẹ̀, ojú ọ̀nà là, àwọn ẹyẹ Yúróòpù yẹn náà wà nílé. Ọyẹ́ lè bo ojú ọ̀run, kẹ́ ẹ má rí Ìkòyí láti Lekki, ìyẹn ò ba nǹkan jẹ́, ìtòsí lẹ ń wò.

Ó yá, ẹjọ́ mi rèé. Aago mẹ́fà àbọ̀ ni wọ́n ní, a débẹ̀ kó tó lù, wọ́n ní ká dúró de àwọn kan tó ń bọ̀ láti Surulere. Aago méje kọjá dáadáa ká tó fẹsẹ̀ kan omi. Ẹni tí kò mọ̀ á ní kí ló wà níbẹ̀, nǹkan ńlá ni, torí àárọ̀ kùtù yẹn ni ẹyẹ ń jẹun, ìgbà yẹn náà ni flying boat ò tíì pọ̀. Bí aago mẹ́jọ bá ti ń lù, kálukú ti ń sáré lọ síbi iṣẹ́, ìgbì tí wọ́n ń dá sílẹ̀ á wá máa gbá yín káàkiri. Èyí tó tún bí mi nínú ni pé wọ́n so wá mọ́lẹ̀ sábẹ́ bíríìjì kí oníkálukú lè ya fọ́tò, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, pẹ̀lú oríṣiríṣi ìdúró, tí drone sì ń kùn lókè, owó wa ló ń lọ yẹn. Àwùjọ kejì tó tẹ̀lé wa gbé spíkà dání. Spíkà! Lórí omi, láàárọ̀, pẹ̀lú àwọn tó ní ẹyẹ làwọn wá wò. Gbogbo ohun tó wà lórí igi níwájú wọn ló fò lọ kí wọ́n tó débẹ̀, wọ́n wá ń béèrè pé níbo làwọn ẹyẹ náà wà.

Ti ìdọ̀tí ló burú jù. Ọ̀sà yìí dọ̀tí, ẹ má jẹ́ kí fọ́tò tàn yín, nylon pure water, ike kóòkì, sálúbàtà ẹsẹ̀ kan, take-away funfun tí ìjọba Èkó fòfin dè ní January 2024 tó ṣì ń léfòó bí ẹni pé kò gbọ́ ìròyìn. Ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ àwọn oníkáyáàkì. Ẹjọ́ tiwọn ni pé lẹ́yìn gbogbo ariwo "eco" yìí, ike omi kékeré kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fún wa, nígbà tá a padà kò sí ibi tá a máa jù ú sí, ẹnì kan fi tiẹ̀ sílẹ̀ lórí iyanrìn níbẹ̀, atẹ́gùn ló sì máa bá a gbé e lọ. Kí ló dé tí wọn ò gbé kúlà ńlá kan síbẹ̀ kí oníkálukú bu omi sínú ohun tó gbé wá látilé? Ọmọkùnrin wa so àpò ìrẹsì kan mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ẹ̀, ó ń ṣa ike sínú ẹ̀ bá a ṣe ń lọ, kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó wò ó, àpò náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún nígbà tá a fi padà. Mo rò pé iléeṣẹ́ ló ní kó máa ṣe é. Ó ní rárá, òun lòun ń mú un wá. Ọjọ́ kejì mo rí fọ́tò àpò yẹn lórí Instagram wọn, ọ̀rọ̀ ńlá ńlá lábẹ́ ẹ̀, orúkọ ọmọ yẹn ò sí níbẹ̀ rárá.

Owó iṣẹ́ ẹ̀ ńkọ́? Kò sọ, èmi náà ò fi dandan bi í, àmọ́ ó ṣe kedere pé ohun tí àwọn oníbàárà bá fi sí i lọ́wọ́ lásìkò ìdágbére ló ń bá a délé. Ọkọ̀ rọ́bà, ẹnikẹ́ni tó lówó lè rà á. Ẹni tó máa mọ̀ pé omi ti ń fà, pé ká yípadà báyìí kí ẹrẹ̀ tó gbé wa dúró, tó máa gbọ́ ohùn ẹyẹ kó mọ igi tó wà lórí ẹ̀, wọn kì í tà á ní ṣọ́ọ̀bù. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá lọ, ẹ fi nǹkan gidi sí i lọ́wọ́, ọwọ́ ẹ̀ gan-an o, ẹ má fi kún transfer.

Ní ti ewu, omi ò mọ ẹni tó kàwé. Òfin Èkó ni pé kí gbogbo ẹni tó bá wọ ọkọ̀ wọ láífù jákẹ́ẹ̀tì, àwọn LASWA, iléeṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń bójú tó ojú omi, ń tẹnu mọ́ ọn, àwọn oníkáyáàkì yìí sì ń fúnni ní tiwọn láìjanpata, àmọ́ ẹ yẹ ìdè ẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́. Ọ̀kan tí wọ́n kọ́kọ́ fún àbúrò mi, ìdè ìsàlẹ̀ ẹ̀ ti kán, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ nígbà tí mo yarí. Tí flying boat bá ń sáré bọ̀, ẹ má fi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ gba ìgbì ẹ̀, ẹ yí imú ọkọ̀ sí i. Ọmọkùnrin wa ń pariwo ẹ̀ ṣáá, "Ẹ kọjú sí i! Ẹ kọjú sí i!", ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ kàn máa lọ sókè-sódò díẹ̀ ni, arákùnrin tó fẹ́ kọ́kọ́ parí fídíò ẹ̀ nínú àwùjọ kejì ló ṣubú, ó sì dìde nínú omi tó dé ìbàdí ẹ̀, fóònù ẹ̀ nìkan ni ò dìde. Ẹni tó bá ní ojú ọgbẹ́ kó jókòó sílé, torí omi kàná ìlú ń dà síbẹ̀, ẹ̀ẹ́ gbóòórùn ẹ̀ láwọn ibì kan, ẹ má jẹ́ kó kàn yín lẹ́nu.

Àwọn kan ti bi mí bóyá kí wọ́n kúkú lọ sí Lekki Conservation Centre. Ẹ lọ, ó dáa, hẹ́kítà 78 ni, àwọn ọ̀bọ wà níbẹ̀, afárá orí igi wọn gùn tó mítà 401, owó ẹ̀ ò sì tó èyí. Àmọ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn, igbó nìyẹn, orí pákó lẹ máa rìn. Èyí tí mi ò ní gbà yín níyànjú ni àwọn tó ń gbé káyáàkì lọ sí Mákòókò láti lọ ya fọ́tò. Àwọn Ègùn tó wà níbẹ̀, ilé wọn ni, ilé ìdáná wọn lẹ máa gbà níwájú, ọmọ wọn lẹ máa yà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ débẹ̀, ẹ wá ọmọ ibẹ̀ tó ní ọkọ̀ tiẹ̀, ẹ sanwó fún un, ẹ ra ẹja lọ́wọ́ ìyá ẹ̀, ẹ bọ̀.

Mo fún wọn ní 4 nínú 5. Tó bá jẹ́ ti ọmọkùnrin yẹn nìkan ni, 5 pérépéré. Ààrin ọ̀sẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ, Sátidé ariwo pọ̀, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn lórí Wáásàpù pé ẹ̀gbà àti ẹyẹ lẹ bá wá, ẹ ò fẹ́ fọ́tò, ẹ ní ọmọ Ìlàjẹ yẹn lẹ fẹ́, wọ́n mọ̀ ọ́n. Ẹ wọ aṣọ tó ń tètè gbẹ, fìlà tó ní okùn, bàtà tó lè wọ ẹrẹ̀, ẹ má wọ jíìnsì, ẹ fi fóònù sínú àpò tí omi ò lè wọ̀. Ẹ bu omi tiyín dání látilé. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ò sí létí omi yẹn, ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe, ẹ ṣe é tán kẹ́ ẹ tó jáde.